Ọmọ Tó Ru Ìkòkò Nínú Fíìmù

Dádì mi, ẹ̀yin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀,

Àyà mi ń já. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ń rìn yí tábìlì po láìjókòó, ẹ ó kàn wò mí lókè gíláàsì yín, ẹ ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga kí n lè ráyè. Ẹ ò ní bi mí ní nǹkan kan. Mọ́mì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni tiwọn. Wọ́n á bi mí títí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á fi sá wọnú padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín. Ẹ̀yin gan-an ló kàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, èmi àti Hàlímà bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì kan. Ẹ rántí Hàlímà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kàdúná. Pọ́díkáàsì dà bí ètò rédíò, àmọ́ kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan níbẹ̀. Orí fóònù làwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ nígbà tó bá wù wọ́n. Fíìmù àtijọ́ là ń sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá àwọn tí aráyé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: èyí tí okùn tí wọ́n fi so àjẹ́ mọ́ òkè hàn kedere, èyí tí jagunjagun kan kú ní ìbẹ̀rẹ̀ tó tún yọ nínú ìjà tó kẹ́yìn pẹ̀lú irùngbọ̀n mìíràn, èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù gba ẹ̀yìn ààfin ọba ayé ọjọ́un kọjá. Àwa kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A fẹ́ràn wọn gan-an ni. Hàlímà lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí bóyá omi zobo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tàbí epo pupa.

Inú yàrá mi ní Jahi la ti ń gbà á sílẹ̀. A máa ń ta kúbùsù sára ògiri, a ó ti fèrèsé, a ó pa fáànù, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì má bàa wọlé. Ooru á wá máa sè wá bí ẹ̀wà. Dá A Padà la sọ ètò náà. Ẹ mọ ibi tí mo ti rí orúkọ yẹn. Èmi ni mo máa ń di rìmóòtù mú nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ni ẹ máa ń pàṣẹ: dá a padà, ojú ọkùnrin yẹn, dá a padà kí n tún un rí.

Yorùbá mi ṣì ń kọsẹ̀, Dádì. Olùgbọ́ kan láti Ọ̀yọ́ kọ̀wé pé mo ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń nájà ní ìlú tí kò ti gbédè. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sínú maìkì báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ná, kí n tó tẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí Hàlímà ní kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn fíìmù. Kí ni mo tún fẹ́ sọ ju ìtàn yín lọ? Mo sọ bí ẹgbẹ́ eléré kan ṣe wá sí Ìkìrun nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, tí wọ́n wá ya fíìmù ìyá amọ̀kòkò. Mo sọ bí wọ́n ṣe kó ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé jọ ṣe èrò ọjà, tí wọ́n gbé ìkòkò rù yín, tí wọ́n ní bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba bá ya wọ ọjà kí ẹ sá. Ẹ sá, ẹ kọsẹ̀, ìkòkò fọ́, ẹni tó ń darí fíìmù sì pàtẹ́wọ́ fún yín. Mo sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ilé wa kì í fi ibẹ̀ hàn. Bó bá ti dé ibi ọjà, àwòrán á di òjò funfun. Ẹ ó bá dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ òfìfo lérí, ẹ ó ṣe é fún wa ní pálọ̀ títí àwòrán á fi padà. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ń sunkún mọ́ ọn.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn náà ju ohunkóhun tí a ti ṣe lọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn mìíràn ń pè yín ní Bàbá Oníkòkò. Inú mi dùn, ó dà bí ẹni pé ẹ tún wà láàárín àwùjọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wọlé sórí fóònù mi, ohùn àgbàlagbà tó ń mí sókè kí ó tó sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

“Ọmọ mi, mo kí ọ o. Làmídì lorúkọ mi. Mo wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba nínú fíìmù ìyá amọ̀kòkò yẹn. Ibi ọjà tí ò ń wí, kì í ṣe Ìkìrun la ti yà á. Ìlú mìíràn ni, àwọn ọmọ mìíràn ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo wà ní Mpape lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, fíìmù náà sì wà lọ́wọ́ mi. Bó o bá fẹ́, wá fi ojú ara rẹ rí i.”

Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibi iṣẹ́, mo tún gbọ́ ọ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn olùgbọ́ á pè mí ní òpùrọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ìtàn yẹn ni mo fi mọ̀ yín. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, èwo ló kù tó dá mi lójú? Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ wá gbé yín lọ lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì ń fi sùúrù kan ilẹ̀kùn.

Hàlímà ní ká lọ. Mo ní rárá. Ó ní, “Kai, o ò ní sinmi títí o fi máa lọ. Wo bí o ṣe ń jẹ èékánná.” Mo ní bóyá bàbá náà ti gbàgbé, pé àgbà ti dé sí i. Ó ní, “Bó bá ti gbàgbé, a ó rí i nínú fíìmù. Bí kò bá gbàgbé, a ó rí i náà.”

Mi ò fẹ́ kí Mọ́mì gbọ́. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn kò wo fíìmù kankan mọ́. Wọ́n fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní Lokogoma. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń fi ṣíbí to ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

“Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn?” ni wọ́n wí. “Ìrẹsì yìí kò ṣẹ̀ ọ́.”

Mo sọ ọ́. Mo tẹ ohùn Bàbá Làmídì fún wọn. Mo ń wo ojú wọn bí mo ṣe máa ń wo òfuurufú nígbà tí òjò bá ṣú. Wọ́n kó àwo, wọ́n gbé e lọ sí kíṣìnì, mo gbọ́ tí omi ń dà. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní, “Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ?”

“Sátidé.”

“Èmi náà á lọ.”

Bí a ṣe lọ nìyẹn, ní ọ̀sán Sátidé, Hàlímà ló wakọ̀. Ẹ mọ òkè Mpape, bí ọ̀nà ṣe ń gun tí ọkọ̀ á máa kérora. Eruku òkúta wà lára ewé gbogbo, a sì ń gbọ́ ìró àwọn tó ń fọ́ òkúta láti ọ̀ọ́kán. Mọ́mì jókòó níwájú, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Èmi wà lẹ́yìn. Mo ń gbàdúrà, mi ò sì mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an.

Bàbá Làmídì ti wọ dàǹṣíkí funfun dè wá. Wọ́n ga, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, irùngbọ̀n wọn ti funfun tán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín mo dá wọn mọ̀ kíá, nítorí mo ti rí ẹ̀rín yẹn lójú tẹlifíṣọ̀n wa ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ẹ̀ṣọ́ tó burú jù nínú fíìmù ni wọ́n, Dádì. Ẹ̀yin lẹ máa ń pè é ní Eléyín Góòlù. Ọ̀kan nínú eyín wọn ṣì ń dán. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n ní kí wọ́n lé mi yí ọjà ká.

Ọmọ wọn obìnrin gbé omi tútù fún wa, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti da fíìmù náà sórí fíláàṣì. Àwòrán náà mọ́ ju tiwa lọ. Mo rí àwọn àwọ̀ tí mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ rí: gèlè ìyá amọ̀kòkò pupa, èmi sì ti rò ó láti ọjọ́ yìí pé àwọ̀ eérú ni. Bí ọjà ṣe kù díẹ̀ kó dé, mo ṣàkíyèsí pé Mọ́mì yọ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ti fẹ́ dé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ya wọ ọjà. Èrò ń sá. Ọmọkùnrin kan ru ìkòkò, ó sá gba iwájú kámẹ́rà, ó ṣubú, ìkòkò fọ́.

Kì í ṣe ẹ̀yin ni. Ọmọ náà pupa, ó sanra, etí rẹ̀ kò jọ etí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo ní kí wọ́n dá a padà. Mo wo gbogbo ojú tó wà ní ọjà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò sí níbẹ̀.

“Ṣé mo ti bà ọ́ nínú jẹ́?” ni Bàbá Làmídì wí. Mo mi orí. Wọ́n wá ní, “Jẹ́ kí n parí rẹ̀ fún ọ, nítorí mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. A lọ sí Ìkìrun lóòótọ́. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ la fi ya àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ kan ṣubú lójijì, kò sẹ́ni tó ní kó ṣubú. Ọ̀gá wa fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ fọ fíìmù náà, ńṣe ló dúdú kirikiri. Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa padà sí Ìkìrun mọ́. La bá lọ ya ọjà mìíràn, ọ̀gá wa sì kọ́ ọmọ mìíràn bí yóò ṣe ṣubú bíi ti àkọ́kọ́.”

Mo mí kanlẹ̀. Ẹ kò purọ́. Ẹ̀yin ni ọmọ àkọ́kọ́. Mo di ọwọ́ Hàlímà mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wo Mọ́mì. Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù tún bà mí, ọ̀tọ̀ sì ni ẹ̀rù yìí.

Mi ò lè dúró dé Lokogoma. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Maitama, mo ní, “Mọ́mì, ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n ní, “Kí a tó fẹ́ra wa, bàbá rẹ mú mi lọ wò ó ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn. Ó ti ń sọ ọ́ fún mi láti oṣù mélòó kan. Ó wọ aṣọ tó dáa. Nígbà tí ọjà dé, ó di ọwọ́ mi mú. Ibi ọjà kọjá, kò rí ara rẹ̀. Kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń wo ojú àwòrán títí wọ́n fi tan iná, bí ẹni pé ó ṣì lè yọ níbì kan. A jáde. A rìn títí, kò sọ̀rọ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá ní, ‘Mo rí ọ.’”

“Kí ni Dádì wí?”

“Ó dúró. Ó ní, ‘Ṣé o rí mi?’ Mo ní, ‘Mo rí ọ, o sáré gba iwájú, ìkòkò sì fọ́.’ Ó wò mí lọ títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá rí bàbá mi.”

Hàlímà rọra wakọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn nínú ọkọ̀. Mọ́mì ní, “Gbólóhùn kan ni mo sọ. Mi ò mọ̀ pé yóò dàgbà, tí yóò bímọ sínú ilé mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kò rí bẹ́ẹ̀?”

Ní Lokogoma, mo ṣí aṣọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ fídíò wa ti kú, àmọ́ Hàlímà ní ọ̀kan nínú búùtù ọkọ̀ fún iṣẹ́ ètò wa. A fi kásẹ́ẹ̀tì yín sí i. Ó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ́ títí dé òpin, àfi ọjà nìkan. Hàlímà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wo téèpù náà. Ó ní, “Kò lè bàjẹ́ lójú kan báyìí lásán. Wọ́n ti dá a padà síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti jẹ.” Mọ́mì jókòó.

Ta ló ń dá a padà, Dádì? Èmi kọ́, nítorí òjò funfun ni mo bá níbẹ̀ láti kékeré. Ṣé kí a tó bí mi ni? Ṣé ara yín lẹ ń wá, tàbí ẹ fẹ́ mọ ojú ọmọ tó gba ipò yín? Nígbà tí ẹ ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lérí fún wa, ṣé inú yín ń dùn, tàbí ẹ ń sáré kí ẹ dé ibẹ̀ ṣáájú àwòrán?

Mo pinnu láti má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ìtàn yẹn dára bó ṣe wà. Àmọ́ bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn mi ń gbọ̀n, Hàlímà á dá iṣẹ́ dúró, a ó tún un bẹ̀rẹ̀, a ó tún dá a dúró. Mọ́mì ló pè mí lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ sínú nǹkan yín yẹn.” Mo ní kò pọn dandan. Wọ́n ní àwọn ló sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, àwọn náà ni yóò tú u.

Wọ́n wá sí Jahi. Wọ́n jókòó sáàárín àwọn kúbùsù, wọ́n ń fi ìwé ìsìn fẹ́ ara wọn títí Hàlímà fi rọra gbà á nítorí ariwo. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Níkẹyìn wọ́n ní, “Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn án jẹ. Mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Ó ti dákẹ́ jù.”

Ọjọ́ tí mo gbé e jáde, mi ò lè jẹun. Mo pa fóònù, mo tan án, mo tún pa á. Àwọn kan kọ̀wé pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Ọ̀kan ní mo fi òkú bàbá mi wá olùgbọ́. Mo ka ìyẹn nínú ọkọ̀ níwájú báǹkì, mo sì jókòó síbẹ̀ títí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo rò pé mo ti ba orúkọ ẹ̀yin méjèèjì jẹ́.

Lánàá, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìkìrun. Ó dárúkọ yín, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ìwé, kì í ṣe bí àwa ṣe ń pè é. Mọ́mì wà lọ́dọ̀ mi, a jọ gbọ́ ọ.

“Mo wà níbẹ̀,” ni obìnrin náà wí. “Kíláàsì kan náà ni wá. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì, wọ́n ní ká má wo kámẹ́rà. Mo rí i nígbà tó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Nígbà tí fíìmù jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ wò ó. Mi ò rí ara mi. Ojú tì mí. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé mo wà níbẹ̀, pé iwájú ni mo tilẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé èmi nìkan ni wọ́n yọ kúrò. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.”

Mọ́mì sunkún, Dádì. Wọn kò sunkún báyìí níbi ìsìnkú yín. Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì jókòó tì mí.

Gbogbo yín lẹ lọ wò ó. Olúkúlùkù ń wá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, olúkúlùkù sì padà sílé, ó pa ẹnu mọ́. Ká ní ẹ mọ̀ pé ẹ kò dá wà, bóyá kásẹ́ẹ̀tì yẹn kì bá tí jẹ.

Àyà mi ṣì ń já, nítorí ìbéèrè kan kù tí kò sí fíìmù tó lè fi ìdáhùn rẹ̀ hàn mí. Lọ́jọ́ tí Mọ́mì ní àwọn rí yín, tí ẹ wò wọ́n lọ títí kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ gbà wọ́n gbọ́ ni? Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ sì rò ó lọ́kàn yín pé ẹni tó lè rí yín níbi tí ẹ kò sí ni ó yẹ kí ẹ fẹ́? Ẹ̀rù ń ba Mọ́mì láti bi yín. Èmi ni wọ́n rán.

Ọmọ yín, tó ń wò yín láwòyé lójú gbogbo àwòrán.